Òkúta Dúdú Lórí Ìka Ràlíátù

Kì í ṣe igbe Ràlíátù ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, òógùn rẹ̀ ni. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sábẹ́ fáànù nílé wa ní àdúgbò Hanoukopé, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Èmi ni mo fà á. Dàbínù ni mò ń tà, láti ìhà aṣálẹ̀ Agadez ni wọ́n ti ń kó o wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tú àpò kan, mo bá àkéekèé nínú rẹ̀. Ó pupa rúsúrúsú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín, ìrù rẹ̀ sì nípọn jù wọ́n lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dúdú ńlá ni àkéekèé tí a mọ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ ni èyí. Mo gbàgbé pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo dé e mọ́nú ìgò fún ìyá ọkọ mi, nítorí òróró tí wọ́n bá rẹ àkéekèé sí láàyè ni ìdílé wọn fi ń pa oró. Ràlíátù ṣí ìgò náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́, àkéekèé náà sì ta á.

Ìyá ọkọ mi mú òkúta dúdú wá, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka náà. Wọ́n ní ó ń fa oró mu, pé tí oró bá tán, á já bọ́ fúnra rẹ̀.

"Ìyàwó, má yọ ọ́ o. Tó o bá yọ ọ́, oró á kù sínú."

"Ẹ ṣé, Màmá."

Mo jókòó tì í. Òkúta ni mò ń wò, n kò wo ọmọ. Ìgbà tó bì lẹ́ẹ̀kẹta ni mo gbé e, mo mú ìgò náà dání, a gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Tokoin.

Dókítà wo inú ìgò, ojú rẹ̀ yí padà. "Depuis quand, maman?" Ó ń bi mí pé láti ìgbà wo ni ó ti ta á. Ó ṣàlàyé pé oró irú èyí kì í dúró lójú ibi tó ti ta ni. Ó máa ń mú iṣan ara ṣiṣẹ́ láṣejù: òógùn, itọ́, ọkàn tó ń sáré kọjá agbára rẹ̀. Tó bá rẹ ọkàn, omi á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Omi ti ń wọ ti ọmọ mi.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, òkúta náà já bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Ètè Ràlíátù ti dúdú nígbà náà.

Ọjọ́ méjì ni a fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, èmi àti ìyá ọkọ mi, a kò lè wo ojú ara wa. Mo bínú sí i, mo sì bínú sí ara mi jù ú lọ. Lọ́jọ́ kejì ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́." Mo di ọwọ́ náà mú. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́ láti mí kúrò nímú Ràlíátù, ó ní ebi ń pa òun.

Ìka rẹ̀ ṣì máa ń kú tipiri nígbà mìíràn. Alhamdulilahi, ìka nìkan ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara kékeré náà, tó fi òógùn àti itọ́ ké pè mí títí mo fi gbọ́. Tí àkéekèé bá ta ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ẹ má wo òkúta. Ọmọ ni kí ẹ máa wò.