Ọ̀gá Tí Kì í Gba "Èmi Ni"

Bí o bá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa ní Challenge, ọ̀gá wa obìnrin á béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Tí o bá dáhùn pé "Èmi ni," o máa pẹ́ níta. "Èmi ta?" Wọ́n ní ilé-kéwú làwọn ti kọ́ ọ pé èèyàn a máa dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá ṣe kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kan fi ń pín oògùn. Kọ̀ǹpútà tí kò bá lè fi ara rẹ̀ hàn kò ní wọlé. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ṣèèṣì tẹ ìwọ̀n oògùn àgbà fún ọmọ ọwọ́, ètò náà á dá a padà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tuntun tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ wọlé sórí ètò náà, níṣojú àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà. Ètò náà kọ̀ jálẹ̀. Ojú gbà mí tì. Mo rọra sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i fún yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Ta ló sọ fún un pé èmi ni?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí àwọn dókítà bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Àlùkùránì tán.

"Ẹ ò rí i? Èmi tí mo bí i gan-an, kò ṣílẹ̀kùn fún mi."