Àrá Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù Alùpùpù

Láti ìgbà tí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ti di sójà, owó oṣù rẹ̀ kì í bá a sùn. Bàtà olówó ńlá lónìí, fóònù tuntun lọ́la, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí ń kì í ní "Bàbá Olówó". Bí ìyá rẹ̀ bá bi í bóyá ó ń tọ́jú nǹkan kan pamọ́, á ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba ló ń bọ́ mi."

Ní Sátidé kan tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gẹrun, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù alùpùpù tó kọjú sí géètì bárékè. Ojú rẹ̀ ti wà lára pupa kan níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó ń tà á ní kó ṣáà máa gbé e lọ, àwọn á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì tẹríba. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ohùn yẹn! Kí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tó wojú onítọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pa pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ìhà. Àrá ni! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe sájẹ́ǹtì tó kọ́ wọn níṣẹ́ ogun, nítorí pé bó bá ké ní pápá, àwọn alásè á ju ṣíbí sílẹ̀. Òun ló wà nínú aṣọ gáádì tó fẹ̀ jù ú lọ yìí.

"Sà, ṣé ẹ̀yin rèé?"

Àrá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Ìwọ kọ́ ni mo máa ń sọ fún pé ẹsẹ̀ rẹ gùn ju ọgbọ́n rẹ lọ?"

"Mo rò pé ẹ ti wà nílé, tí ẹ ń sinmi."

"Ilé wo? Ilé bárékè ni mo fi gbogbo ayé mi gbé. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, gbèsè sì gba ìyókù." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àwọn alùpùpù tó ń dán. "Ibí gan-an ni mo ti ń rà wọ́n, mo ń pààrọ̀ wọn bí ẹní pààrọ̀ ṣòkòtò. Bí wọ́n ṣe mọ̀ mí nìyẹn, tí wọ́n fi fún mi níṣẹ́."

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Ọkùnrin tí òun rò pé ìyà ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé!

Obìnrin tó ń tajà ké láti inú: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé o, tiyín ti wà nílẹ̀!"

Àrá bojú wẹ̀yìn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ohun tí kò ṣe rí lójú Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́. "Yí padà. Máa lọ."

Ó yí padà, ó lọ. Bó ṣe di Mọ́ńdè, ó wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń sanwó oṣù, ó ní kí wọ́n máa gé lára owó òun fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kó tó dé ọwọ́ òun. Akọ̀wé ibẹ̀ yanu. "Ìwọ kẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

Oṣù àkọ́kọ́ le, ọṣẹ ló ń tọrọ kiri. Ṣùgbọ́n ó bẹ ọ̀gá wọn títí tí wọ́n fi ń pe Àrá wá bá àwọn sójà tuntun sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fún un ní owó ọkọ̀, ó sì ń wọ aṣọ ara rẹ̀ wá. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kò sí ọmọ kan tó ń tòògbé.