Pátákó Ilé Òyìnbó

Ìyàwó mi tún da ísáàlì, òògùn apakòkòrò, sí balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó pọ̀ débi pé ẹ̀kọ tí mo ń mu ń ta òórùn rẹ̀. Mo ráhùn títí. Òórùn yẹn ló máa ń gbé mi padà sí Ilé Òyìnbó n'Ìwó.

Òyìnbó oníwàásù ló kọ́kọ́ gbé inú petẹ́ẹ̀sì náà. Nígbà tó padà sílùú wọn, ìjọ sọ ọ́ di dìsípẹ́ńsárì: ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń mu tíì ni wọ́n ti ń gún wa lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló di ibi tí wọ́n ń kó àga iléèwé sí. Báyìí, àgbàdo ni wọ́n ń sá síbẹ̀, ewúrẹ́ sì ń gun àtẹ̀gùn tí bàbá mi ò láyà láti gùn.

Mo wà ní Sítáńdáàdì Tú nígbà tí ibà mú Àdùkẹ́, àbúrò mi. Bàbá wà lóko lọ́nà Kuta. Màmá pọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. "Ẹni tó mọ̀wé ò lè ṣìnà" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nígbà náà, èmi nìkan ló sì mọ̀wé lágboolé wa. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.

A bá pátákó tuntun lẹ́nu ọ̀nà, gẹ̀ẹ́sì ló wà lára rẹ̀. Màmá ní kí n kà á. Mo rí dìsípẹ́ńsárì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo mọ ìyẹn dáadáa. Àwọn tó kù gùn, mo fò wọ́n. Mo ní, "Màmá, ibí náà ni." Ògiri ṣì ń run ísáàlì. Ilẹ̀kùn wà ní títì, a ní nọ́ọ̀sì ò tíì dé. A jókòó. Mo tilẹ̀ ń sípẹ́ẹ̀lì ọ̀rọ̀ náà sétí Àdùkẹ́ kó má sùn.

Oòrùn ti dé àtàrí kí tíṣà kan tó ru àga dé. Ó ní ohun tí pátákó ń wí ni pé wọ́n ti kó dìsípẹ́ńsárì lọ sọ́nà Olúpọ̀nnà. Màmá sáré. Kí a tó débẹ̀, Àdùkẹ́ ti dákẹ́ lẹ́yìn wọn.

Màmá ò jẹ́ kí bàbá mọ ẹni tó ka pátákó. Mo fi iléèwé sílẹ̀ ní Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, mo máa ń sọ fún èèyàn pé ìwé ló lé mi. Ọmọ ọjọ́ yẹn ka ọ̀rọ̀ kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi àgbà ń ka ara ìgò òògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síbẹ̀ n ò gba ara mi gbọ́.

Ọdún tí Màmá máa lọ, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, mo ní kí wọ́n foríjì mí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ fún mi lọ́jà pé wọ́n ti kó dìsípẹ́ńsárì lọ. Ìwọ ni mo gbà gbọ́."