Ihò Ẹsẹ̀ Tí Ṣínà Gbẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ogun bá wa, mo bú ọmọ mi. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ènìyàn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì máa ń fò. Títí, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ fún, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí ogun kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Yorùbá tí mo kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí náà má fi mí rẹ́rìn-ín.

Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá dé àdúgbò Djègan-Kpèvi níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, tó béèrè Bàbá Kúkúrú agbẹ́kànga, ọmọdé á mú un dé ilé wa. Mo kúrú lóòótọ́, orúnkún mi ọ̀tún kò sì ká dáadáa mọ́ láti ìgbà tí òkúta ti já lù ú. Ṣínà ẹ̀gbọ́n rẹ ga bí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀. Bí àwa méjèèjì bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará àdúgbò a máa béèrè pé èwo nínú wa ni bàbá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi wu òun ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò sọ fún un rí.

Abúlé kan ní òkè lọ́hùn-ún, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa nítòsí ààlà, ló ránṣẹ́ pè wá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi wọn ti gbẹ. A gbọ́ pé àwọn oníbọn tó ń gun alùpùpù ń kọjá nínú igbó níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní wọn kì í wọ abúlé. Bàbá Ọ̀yọ́, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ohun èlò alùpùpù lábúlé náà, tó gbà wá sílé, sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. A gbà á gbọ́ nítorí pé a fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Ṣínà ní kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi igi wọn ibi tí ó dé. Mo gbá igi náà dànù. Mo rò pé ó ń fi kíkúrú mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí a ti ń gbẹ́ kànga náà lọ sísàlẹ̀, ó ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ara ògiri rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ènìyàn lè máa tẹ̀ wọ́n gùn jáde. Àwọn àgbà àtijọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í ṣe é. Okùn ni èmi gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, ẹnì kan á wà lókè tí yóò di okùn mú, ẹni òkè kò sì gbọdọ̀ fi okùn sílẹ̀, bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ ń jó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a ti gbẹ́ ẹ dé ìdúró ènìyàn méje, a ò tíì rí omi. Mo yọjú wo inú kànga, mo rí i pé ihò ẹsẹ̀ ni Ṣínà fi gbogbo ọ̀sán àná gbẹ́.

Mo ní, "Ihò wọ̀nyí pọ̀ jù. Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ló fẹ́ máa gùn ún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí okùn bá já ńkọ́?"

"Okùn mi kò já rí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kànga, kó lọ máa fi alùpùpù zẹ́míjàn kó èrò. Ojo ni ọ́, Ṣínà. Ojo!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo mọ òwe náà láti kékeré, kò sì dí mi lẹ́nu.

Òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí orúnkún mi. Lọ́jọ́ yẹn, inú ń bí mi. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀, kí n lè fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga hàn án.

Mo ti kó korobá iyẹ̀pẹ̀ mẹ́rin sókè nígbà tí mo gbọ́ alùpùpù. Ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ kànga kì í kọ́kọ́ fi etí gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi tó fara ti ògiri ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ṣínà! Kí nìyẹn?"

Orí rẹ̀ yọ lẹ́nu kànga. "Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá."

Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo okùn wọ́ lulẹ̀ lé mi lórí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń fa igi ìdábùú tí okùn ń gbà kọjá lẹ́nu kànga kúrò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pòròpórò ọkà bo ẹnu kànga, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù títí ó fi tán.

Mo rò pé ó sá ni. Mo dúró síbẹ̀, okùn wé mọ́ mi lọ́rùn, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé mo mọ̀, mo ti mọ̀ pé ojo ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìbọn ń dún. Àwọn obìnrin ń ké, ewúrẹ́ ń ké, mi ò mọ ohùn èyí yàtọ̀ sí ti èkejì mọ́. Èéfín wọlé bá mi, mo fi aṣọ di imú. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fi Faransé jágbe, mo sì gbọ́ tí Ṣínà ń dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ jìnnà sí kànga. Ó ń sọ ọ́ sókè ketekete. Ó ní òṣìṣẹ́ lòun, òun kì í ṣe ará ibẹ̀. Wọ́n bi í pé àwọn yòókù rẹ̀ dà. Ó ní òun nìkan ni.

Ìbọn kan dún. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo wà nínú kànga náà di ọjọ́ kejì. Òùngbẹ gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lá iyẹ̀pẹ̀ tútù, èmi tí mo ti fún ọgọ́rọ̀ ènìyàn ní omi. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àkùkọ kan kọ, ẹyọ kan péré. Mo fi àwọn ihò ẹsẹ̀ yẹn gùn jáde. N ó padà sórí ìyẹn.

Lókè, abúlé ti di eérú. Bàbá Ọ̀yọ́ àti ọkùnrin méjì ń bọ̀ láti ìdí igi kan, ṣọ́bìrì wa tí a fi sílẹ̀ lókè ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti rí mi, ó jù ú sílẹ̀, ó sáré wá gbá mi mú, ó yí ojú mi sí ọ̀nà tó lọ sílé.

"Ṣínà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Bàbá."

"Mo ní Ṣínà ńkọ́?"

"A ti ṣe ohun tó yẹ. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Ẹ má wo ẹ̀yìn."

Mi ò wo ẹ̀yìn. A rìn fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ̀pà tí obìnrin kan fẹ́ gbìn la jẹ, ó ń pín in fún wa ní ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọ kan sunkún títí ohùn rẹ̀ fi pin. Nígbà tí a bọ́ sí títì, ọkọ̀ ńlá kámíọ̀n tó kó òwú gbé wa dé ìlú Parakou. Orí òwú yẹn ni Bàbá Ọ̀yọ́ ti sọ fún mi pé orí igi lòun sá sí, òun sì rí ohun gbogbo. Ó ní Ṣínà ti bo kànga tán, ó lè wọ igbó, ààyè wà. Ó ní àwọn oníbọn náà ń bọ̀ lọ́nà kànga, ni ọmọ náà bá ń rìn lọ pàdé wọn.

Ìwọ rántí bí ilé wa ṣe kún nígbà tí mo dé. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, wọ́n ń mi orí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá rẹ ní Ìyá Títí, kí wọ́n má baà rán an létí. Kì í dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Ìyá Ṣínà ni mí." Ó béèrè lọ́wọ́ mi nígbà náà pé ta ló fà mí jáde. Mo ní àwọn ará abúlé ni. Mo purọ́, nítorí bí mo bá dárúkọ ihò ẹsẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo sọ nípa wọn, àti orúkọ tí mo pe ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí gbogbo kànga mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá bá mi níbi iṣẹ́ ní Akpro-Missérété. Ó yọjú wo inú kànga, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá Ṣínà, ẹ kì í gbẹ́ èyí tẹ́lẹ̀."

Mo jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ojo. Mo retí pé yóò bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó da aṣọ bo oúnjẹ náà, ó wá béèrè ohun kan péré.

"Orúnkún yín yẹn, báwo ló ṣe gbà yín láyè láti gun ìdúró ènìyàn méje?"

Mo ní, "Kò dùn mí. Inú òkùnkùn ni mo ti gùn ún, mi ò sì fi ẹsẹ̀ wá ihò kankan tì. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá gbé sókè dé, ibẹ̀ ni ihò wà. Ṣínà ìbá máa fo méjì-méjì. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n."

Ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ fún Títí. Ẹ kọ èébú náà sí i."

Mo ti kọ ọ́. Mi ò mọ sàréè ọmọ mi, mi ò sì ní béèrè. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan lábúlé náà mọ́. Ṣùgbọ́n kànga wa wà níbẹ̀. Kò ní omi. Ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára rẹ̀, mo kà wọ́n bí mo ti ń gùn ún, gbogbo wọn ló sì bá ẹsẹ̀ mi mu.