Ewì Arò tí Obadiah Kọ fún Ẹni tó Wà Láàyè

Àbúrò mi ni Obadiah. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, nítorí náà bí mo bá bú u níbí, ẹ má gbèjà rẹ̀. Tíṣà ni, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fìdítì. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ewì ló fẹ́ràn. Kì í kọ ọ́ fún ìwé ìròyìn, kì í kọ ọ́ fún rédíò. Bó bá ti iléèwé dé, tó jẹun tán, á mú ìwé rẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa, á sì máa dá rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń kọ. Ó kọ ewì fún òbúkọ aládùúgbò wa. Ó kọ fún màṣíìnì ìránṣọ mi tó máa ń já òwú. "Àǹtí mi, ẹ gbọ́ eléyìí ná." Màá ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n màá gbọ́ ọ dé òpin.

Ọ̀rẹ́ kan ló ní tó lè jókòó tì í láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́: Ṣàfíù, káfíńtà, ará Ìlọrà. Bẹ́ǹṣì iléèwé ló wá tún ṣe lọ́dún 1985. Ó gbọ́ tí Obadiah ń ka ewì fún àwọn ọmọ, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó ní kó tún un kà. Láti ìgbà náà, bí a bá fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, alùpùpù Ṣàfíù á ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìwé tó kà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá wọ̀ nínú ewì, á ní, "Tíṣà, ibẹ̀ yẹn ń mì, kàn án dáadáa." Obadiah á sì pa á rẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, Ṣàfíù ń bó ọsàn, ó kàn ṣàdédé bi í pé, "Tíṣà, bí mo bá kú, ṣé wàá kọ ewì fún mi?"

"Kí ló dé tí mi ò ní kọ ọ́?"

"Èmi ńkọ́? Ṣé màá gbọ́ ọ ni? Àwọn tí kò yá mi ní ìṣó rí ni yóò máa gbádùn ọ̀rọ̀ mi. Kọ ọ́ báyìí, kí n fi etí ara mi gbọ́."

Obadiah kọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, mo ń rán aṣọ ìgbéyàwó kan tí wọ́n ń kán mi lójú sí, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé:

*Ṣàfíù, o gbé òòlù sílẹ̀, o ò dágbére,*
*Òkun gbé ọ lọ, ọ̀sà dákẹ́ bí ẹni tí kò rí i,*
*Ta ni yóò bá wa kan bẹ́ǹṣì tó ń mì?*

Ṣàfíù ń pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo pé kó tún un kà. Èmi ni mo jáde sí wọn tèmi ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Obadiah! Arò lò ń sun fún ẹni tó ń mí? Ṣé o fẹ́ pe ikú wálé ni?"

"Àǹtí mi, eré là ń ṣe."

"Ta ló ń fi ikú ṣeré? Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. O ti sọ ọ́ tán, ó ku kó dé!"

Kí n sọ òótọ́: n kò gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ariwo wọn ló ń dí mi lọ́wọ́, inú sì ń bí mi sí aṣọ tí kò tán. Ṣàfíù ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí." Mo padà sídìí màṣíìnì mi. Ṣùgbọ́n ojú Obadiah ti yí padà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dá Ṣàfíù dùbúlẹ̀. Ibà lásán, irú èyí tó ń mú gbogbo wa, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Obadiah ń lọ sí Ìlọrà. Ó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó fa ewì náà ya, ó dáná sun ún, ó sì wá bá mi.

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ti sun níná, ṣé ó ṣì lágbára?"

Kí ló dé tí n kò pa ẹnu mi mọ́? Mo ní, "Etí tó ti gbọ́ ọ ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ lára. Ṣàfíù gbádùn, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n Obadiah kò yé wò ó. Bí Ṣàfíù bá húkọ́, á dìde. Bí Ṣàfíù bá ní òun fẹ́ gun òrùlé, á ní kó rán ẹlòmíràn. Á kàn máa wo ojú rẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Èmi tí mo dá ẹ̀rù náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ọdún 1992 ń bọ̀, Sìrájù, àbúrò Ṣàfíù tó ń ṣiṣẹ́ ní Bàdágìrì, ránṣẹ́ pé ká wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ká wá rí òkun. Kò sí ẹni tó rí òkun rí nínú wa. Nígbà tí Ṣàfíù dárúkọ òkun, kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ Obadiah.

"Má lọ," ó ní. "Ọ̀nà jìn."

"Màá lọ," Ṣàfíù dáhùn. Kò rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ rí i. Bí o kò bá lọ, èmi nìkan á lọ."

Bí ó bá dá lọ, ta ni yóò dì í mú? Ìyẹn ni Obadiah rò. Oyún Beatrice ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, kò lè bá wa lọ, nítorí náà èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. N kò lè jókòó sí Fìdítì kí n máa retí ìròyìn.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà. Obadiah di etí bùbá Ṣàfíù mú títí a fi gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà a fẹsẹ̀ rìn láàárín igi àgbọn, mo sì gbọ́ ariwo kan níwájú, mo rò pé tírélà ló ń bọ̀. Òkun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí. Omi tí kò ní òdìkejì! Ó ń dìde, ó ń ṣubú, ó ń fa iyanrìn padà sínú. Ọkàn mi kàn ń sọ ìlà kejì ewì yẹn, "Òkun gbé ọ lọ", n kò sì lè dá a dúró.

Obadiah tẹ́ ẹní sí ibi tó jìnnà, ó sì jókòó sáàárín Ṣàfíù àti omi. Nígbà tí ìrun àlàásárì tó, Ṣàfíù bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò.

"Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, Bọ̀dá mi," Sìrájù ní.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ọlọ́run yìí ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀kan."

Obadiah ti dìde. Ṣàfíù dé ibi tí omi mọ ní kókósẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu omi. Ìgbì kan dé, ó gbé e lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Mo pariwo. Obadiah sáré tòun ti bàtà, tòun ti aago ọwọ́, ó ṣubú lé e lórí, ó dì í lọ́rùn mú, àwọn méjèèjì ń yí nínú ìfófòó. Omi náà kò ju orúnkún lọ. Obadiah gan-an ló fẹ́ẹ̀ pa á. Sìrájù àti àwọn apẹja méjì ló já wọn gbà, Obadiah sì ń ké bí ọmọdé:

"Mo ti sun ún! Mo fà á ya, mo sun ún! Ẹ má mú un, eré ni mo ṣe!"

Ṣàfíù jókòó sórí iyanrìn, omi ń kán lójú rẹ̀. "Kí lo sun?"

"Ewì yẹn."

Ṣàfíù yíjú sí i. "Torí ìyẹn lo ṣe ń wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn? Oṣù márùn-ún! Mo rò pé dókítà sọ nǹkan fún ẹ nígbà tí ibà ń ṣe mí, tí o fi pa mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ sí ọsibítù, wọn ò rí nǹkan kan, mo ní wọ́n ń tàn mí ni. Mo ti pín irinṣẹ́ mi fún àwọn ọmọ mi. Tíṣà, mo rò pé mò ń kú lọ ni. Ìdí tí mo fi wá wo òkun nìyẹn."

"Ẹ̀rù ló bà mí," Obadiah ní.

"Ojú òkú lo fi ń wò mí."

Ó dìde, ó lọ bu omi kẹ́ẹ̀gì, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, iwájú lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà ló jókòó sí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a kò rí alùpùpù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Mo mú Obadiah, a lọ sí Ìlọrà lọ tọrọ àforíjì, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èmi náà wà níbẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ṣàfíù gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wa ní àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó gbé omi wá.

"Mi ò bínú, Àǹtí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí Tíṣà, ọwọ́ mi á kàn lọ sí àyà, màá máa tẹ́tí sí bó ṣe ń lù."

Ọdún 1998 la wà yìí. Ara Ṣàfíù le ju tiwa lọ. Oṣù tó kọjá ló kan òrùlé ilé alájà méjì ní Akinmọ̀ọ́rìn. Bí Obadiah bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán ní ojú pópó, á yára sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì, kí ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè balẹ̀.