Bí A Ṣe Wẹ Fèrè Bàbá Àjàyí

Bàbá Àjàyí kò gbé fèrè rẹ̀ wá kí n tún un ṣe. Ó gbé e wá kí n bá òun tà á ni.

Mo jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgándò lọ́jọ́ náà, mo ń na irin sasofóònù kan tó ti wọ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá já bàbá sílẹ̀. Egan ló ń gbé, kò jìnnà sí wa. Iṣẹ́ birikílà ló ṣe láti ìgbà tó ti Èkìtì dé, ilé tó sì kọ́ ní agbègbè yìí kò lóǹkà. Àmọ́ tó o bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, fèrè ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òun ni aṣáájú ẹgbẹ́ onífèrè nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ, láti ìgbà tí ìjọ náà ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ páànù.

Ó gbé àpótí fèrè lé orí tábìlì mi jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn.

"Rábíátù, bá mi wá ẹni tó máa rà á. Èémí mi ti tán."

"Ó ti tán báwo, Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ yìí?"

"Sọ̀rọ̀ kọ́ la ń wí. Mo fọn ọ́n títí, kò jáde mọ́. Tó bá tiẹ̀ jáde, á máa hùn bí ẹran. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ìkórè wa. Bàbá ìjọ ti fọgbọ́n sọ fún mi pé kí n jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ gbapò. Kò kúkú jẹ̀bi. Àgbà ti dé."

Kò sunkún, kò sì bínú. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò ra ọwọ́ àpótí náà lọ sókè sódò. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí obìnrin Mùsùlùmí bíi tèmi ṣe di ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé fèrè wá bá. Aṣọ rírán ni ìyá mi fi mí sí ní Dópémù. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ni ti Ọ̀gá Ràímì tó ń tún fèrè ṣe. Tó bá ti tún ọ̀kan ṣe tán, á fọn ọ́n wò, ìgbà yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ á gún mi níka. Lọ́jọ́ tí mo rán apá ẹ̀wù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, màdáámù mi fà mí lọ́wọ́ lọ bá a. Ó ní, "Ọ̀gá Ràímì, ẹ gba ọmọ yín. Fèrè yín ló ń kọ́, aṣọ mi ló ń bà jẹ́." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, torí inú mi ti dùn jù, ojú mi ò kúrò lára fèrè Ọ̀gá.

Fèrè ràbàtà kan ni Ọ̀gá Ràímì kọ́kọ́ fà lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tó máa ń dún bí ààrá tó jìnnà. Àwọn tó gbé e wá ní ọ̀tá ló dí i lóhùn. Ọ̀gá ní kí n fọ̀ ọ́. Mo da omi sí i, èèpo ẹ̀pà ló kọ́kọ́ jáde, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kùkùté àbẹ́là. Ọ̀gá mi tò wọ́n síta kí wọ́n gbẹ. "Àwọn ọ̀tá náà rèé o," ló wí. "Rábíátù, kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kó o tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ di òní olónìí. Bí fèrè kò bá dún, n kì í bú ẹni tó ń fọn ọ́n, n kì í sì í bú ayé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí àpótí Bàbá Àjàyí dípò kí n máa wá ẹni tó máa rà á. Fèrè gidi ni, idẹ rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo gbé e sẹ́nu, mo fọn ọ́n. Èmi tí mi ò tíì darúgbó, ohun tó jáde kò ju ikọ́ ewúrẹ́ lọ. Mo wá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni píísítìn kékeré kan wà tó yẹ kó máa lọ sókè sódò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èyí àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, kò padà wá mọ́.

Mo yọ ọ́. Nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń fà bí ọ̀dà. Mo gbóòórùn rẹ̀, òróró ólífì ni.

"Bàbá, kí lẹ máa ń dà sí i?"

"Òróró àdúrà ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń kán díẹ̀ sí i lẹ́nu, kí n tún kán díẹ̀ sídìí bọ́tìnnì. Nígbà tó wá ń le yìí, mo fi kún un ni."

Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gbé e mì. Òróró ólífì dára lára èèyàn, àmọ́ tó bá pẹ́ nínú irin, á dì, eruku àti itọ́ á sì para pọ̀ mọ́ ọn. Bí fèrè ṣe ń dí ni bàbá ń rò pé èémí òun ló ń tán, bó sì ṣe ń rò bẹ́ẹ̀ ló ń da òróró sí i. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní ká fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Òróró tí wọ́n gbààwẹ̀ lé lórí? Kí n wá fi ọṣẹ fọ ìbùkún dànù? Rárá o, jàre. Tó bá jẹ́ pé èémí mi ló tán, kó tán."

Ó pa àpótí dé, ó gbé e. Ó ti ń nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ kan nígbà tí nǹkan sọ sí mi lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré. Tí ìnira bá bá èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tí ọ̀nà rẹ̀ dí, kí lẹ máa ń ṣe fún un?"

"A máa ń gbàdúrà fún un."

"Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́?"

Ó sọ ọwọ́ tó nà sí kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. "A máa ń wẹ̀ ẹ́. Omi àdúrà, kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ."

"Ṣé ìbùkún ara onítọ̀hún á wá bá omi lọ ni?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìnira ló ń bá omi lọ."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀nà fèrè yín ti dí."

Bàbá wò mí, ó wo àpótí ọwọ́ rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! O pe ara ẹ ní Mùsùlùmí? Wòlíì ni ẹ́!"

Lọ́jọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú sùtánà funfun, gálọ́ọ̀nù omi àdúrà, àti kànrìnkàn tuntun nínú ọ̀rá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí èmi náà bọ́ tèmi. Ìyẹn kò ṣòro fún ẹni tó mọ mọ́ṣáláṣí. Múfú, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yọjú.

"Àǹtí, ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀ṣì síbí ni? Ẹ bá wa fi ìjókòó sílẹ̀ o!"

"Bọ́ bàtà ẹ kó o tó sọ̀rọ̀," Bàbá dá a lóhùn.

Mo gbé omi náà kaná, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí omi tó bá gbóná jù máa ń bó ara idẹ. Mo tú fèrè palẹ̀, mo to píísítìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí aṣọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, nítorí kò sí èyí tó lè wọ ihò èkejì. Bàbá gbàdúrà, ó sì gba kànrìnkàn, ó ní òun fúnra òun lòun máa wẹ ara fèrè. Èmi fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn wọnú ihò. Nígbà tí mo fà á jáde, ìdọ̀tí dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú abọ́, kò sì tètè tán.

Bàbá wò ó títí. "Èyí ni mo ń fọn láti ọjọ́ yìí?"

"Òun ni, sà."

"Háà! Àṣé mo lágbára báyìí!"

Mo nù ún gbẹ, mo kán epo tiwa sára píísítìn, èyí tó fúyẹ́ bí omi, tí kì í sì í dì. Mo tò ó pa dà, mo gbé e fún un. Àgbà ni bàbá yìí, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti lọ. Tí kò bá dún báyìí, òótọ́ ló sọ nìyẹn, kò sì ní sí nǹkan mìíràn tí a lè fọ̀.

Ó fọn ọ́n. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Mi ò lè wojú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, ó di ojú, ó tún fọn ọ́n.

Ohùn náà jáde. Ó mọ́, ó ga, ó sì kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí Múfú fi ń gé irin dákẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ kan yà sẹ́bàá títì, kò sì sí èrò tó bá a jà. Obìnrin kan nínú wọn ti ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mú orin ìkórè wọn bọnu, kó tó dé ìlà kejì, ó ti ń jó nínú omi tó dà sílẹ̀ láìwọ bàtà. Èmi náà jó. Kí ni mo fẹ́ máa wò?

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀.

"Rábíátù, kì í ṣe èémí."

"Kì í ṣe èémí, Bàbá."

"Mo mà ti sọ fún ìyàwó mi pé ikú mi ti sún mọ́."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti sún un síwájú."

Kó tó lọ, mo kìlọ̀ fún un. "Òróró àdúrà, orí ẹni tó ń fọn fèrè ni kẹ́ ẹ máa dà á sí. Ti fèrè wà lọ́wọ́ mi." Ó gbà. Láti ìgbà náà, kò sí onífèrè ìjọ wọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi láìgbé omi àdúrà dání, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo wé gèlè funfun, mo bọ́ bàtà sí ẹnu géètì, mo sì jókòó sẹ́yìn. Bàbá Àjàyí ló ṣíwájú, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó gbapò rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Bàbá ìjọ jó wá síwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ Bàbá Àjàyí kan sókè bíi ti afẹ̀ṣẹ́jà tó borí. Mo wò wọ́n, mo ronú kan Ọ̀gá Ràímì, ó sì wù mí kó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, bàbá fọwọ́ pè mí síta. Ó ki ọwọ́ bọ àpò sùtánà, ó yọ ìgò òróró kékeré kan. Mo fò sókè.

"Bàbá! Kí la jọ sọ?"

"Na ọwọ́ ẹ méjèèjì."

Mo nà wọ́n. Ó da òróró náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò birikílà rẹ̀ tó le rọra rà á wọ ibi tí irin ti gé mi, àti gbogbo ibi tí iná ti jó mi. "O ní kì í ṣe inú fèrè," ló wí. "Mo ti rí ibi tó tọ́ sí."

Mo ní, "Àmín." Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún, torí ọwọ́ mi méjèèjì kún fún òróró.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi gbé ẹ̀bà wá pẹ̀lú omi ìfọwọ́. Mo ní kó gbé omi náà pa dà, kó bá mi mú ṣíbí wá.