Ìṣínu Ẹ̀yìn Ilé

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èébú sìgá, ẹ wá sí ìsọ̀ Mùínátù oníláfún ní ọjà Ayétòrò. Ọmọ Ìmàsàyí ni, opó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Kò sí ọmọkùnrin tó máa mú sìgá lọ́wọ́ gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá kí ó má gbọ́ tirẹ̀. "Ẹ wo ètè ẹ̀, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò! Ohun tí kò tó ìka ọwọ́ ló ń tì í káàkiri ìlú!" Bó bá bú wọn tán, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tú agolo kékeré kan ní etí ìró rẹ̀, á bu aṣáà sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀. Oògùn eyín ló ń pè é. Eyín wo? Eyín rẹ̀ pé perepere, ó ń fi í fọ́ egungun.

Afeezat ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, ó ti ṣe fíríìdọ̀mù, ọmọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì ti ní Afeezat lòun máa fẹ́. Sàláúdéènì lorúkọ rẹ̀, lójú ọ̀nà Igbógílà ló ti ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, àmọ́ ibi tí èéfín bá ti ń rú, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a. Òórùn sìgá yìí ń rí Afeezat lára, kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni yóò fi wo ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó fi sùúrù kọ́ ọ níṣẹ́, kó wá ní òun ò fẹ́ ọmọ rẹ̀? Ó ká ìyá rẹ̀ mọ́ yàrá.

"Màmá, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́. Rárá kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá mi àti ọmọ wọn ti ní ohun tí ẹ bá sọ làwọn máa gbà. Tí wọ́n bá ti gbọ́ rárá lẹ́nu yín, ó parí."

"Ṣé ìyẹn náà lò ń tìtorí ẹ̀ sunkún?" Mùínátù bú sẹ́rìn-ín. "Èmi Mùínátù, kí n fi ọmọ mi fún ẹrú tábà? Ó tì o! Má dá ara ẹ láàmú."

Oṣù ààwẹ̀ la wà nígbà náà. Inú ààwẹ̀ yìí gan-an làwọn elétò ìlera kan rán Nathaniel wá sí Ayétòrò, pé kó wá wọn bí tábà ṣe di àwọn ọ̀dọ́ mú tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà wọ bàtà tó ń dán, ó gbé fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání, ó dúró sáàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbààwẹ̀, ó ń bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń fa sìgá. Ó bá Sàláúdéènì níwájú ìsọ̀ Mùínátù, níbi tó ti wá bá ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbé àpò láfún.

"Tó o bá jí láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ tó kó o tó fa àkọ́kọ́?"

"Àárọ̀ kẹ̀? Mi ò kì í fà á láàárọ̀. Ó di alẹ́."

"Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹnikẹ́ni má fà á ńkọ́? Ṣé ó máa ń nira fún ẹ láti mú un mọ́ra?"

"Kò nira rárá. Àtàárọ̀ ni mo ti wà níbí. Ṣé ẹ rí i lẹ́nu mi ni?"

Nathaniel tẹ fóònù rẹ̀, ó mi orí, ó ní tábà ò tíì rí ọ̀gbẹ́ni yìí gbé ṣe. Sàláúdéènì na àyà síta bí ẹni tó gboyè.

Mùínátù pòṣé, gbogbo ọjà gbọ́ ọ. "Ẹ gbà mí o! Ó ń bi alààwẹ̀ bóyá ó ń mu nǹkan lọ́sàn-án! Ọmọ yìí, ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Nathaniel wí. "Gbogbo ohun tó bá ti ní tábà nínú là ń béèrè o. Aṣáà náà wà níbẹ̀."

"Ọ̀dọ́ lo ní ò ń wọ̀n. Ṣé ọ̀dọ́ lo pe èmi yìí? Kúrò níwájú mi jàre!" Ó yíjú sí Sàláúdéènì. "Ìwọ, wá ṣínu nílé mi lọ́la. Orí ẹní ni wàá jókòó sí, láti ìgbà tí ladánì bá pe ìrun títí wọ́n á fi kí ìrun àṣámù tán. Tó ò bá fa sìgá, mo fún ẹ lọ́mọ mi. Tó o bá fà á, kó o gbàgbé ẹ̀." Afeezat gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ̀ pé ọwọ́ yóò tẹ Sàláúdéènì.

Lọ́jọ́ kejì, láti ìrọ̀lẹ́ lara Mùínátù ò ti gbélẹ̀. Ó bú ewúrẹ́. Ó bú ògì tí kò tètè jiná. Ẹnu rẹ̀ korò, ó ní ebi ni. Ebi wo? Wọ́n gbé àkàrà gbígbóná kọjá níwájú rẹ̀, kò bojú wò ó. Agolo etí ìró ló ń fọwọ́ tẹ̀ wò. Akíkanjú obìnrin tó fẹ́ dán ọmọ ọlọ́mọ wò! Ó ti gbàgbé pé lójoojúmọ́ inú ààwẹ̀, ẹ̀yìn ilé lòun fúnra rẹ̀ ń sá lọ bí ladánì bá ti lanu.

Sàláúdéènì dé, ó wọ jalabíà funfun, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Orúnkún rẹ̀ ò dúró sójú kan. Afeezat gbé èso dábínù àti omi kalẹ̀, ó wọlé lọ bu ògì. Àwọn méjèèjì tó kù ń wo oòrùn, oòrùn ò sì kánjú.

Bí ladánì ṣe gbóhùn sókè, Mùínátù dìde. "Jókòó síbẹ̀ o. Mò ń bọ̀, mo fẹ́ bu omi àlùwàlá." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ́tùn-ún. Ẹni tó ń ṣọ́ni ti lọ, kí ni Sàláúdéènì tún ń dúró ṣe? Òun náà gba òsì.

Ìdí dúrọ́ọ̀mù omi ni wọ́n ti pàdé. Sìgá ti ń jó lẹ́nu ọkùnrin náà, ó ń fà á bí ọmọ tó rí ọmú ìyá rẹ̀. Aṣáà ti kún abẹ́ ètè obìnrin náà, agolo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń rọ̀. Omi ò tíì kan ọ̀fun ẹnì kankan nínú wọn. Ká ní Nathaniel wà níbẹ̀ ni, kò ní bi wọ́n ní ìbéèrè kankan mọ́.

Afeezat ti bá ẹní lófìfo. Ó gbé ife omi dání, ó jáde sẹ́yìn ilé, ó sì rí èéfín. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti rí i. Ẹ sọ ọ́."

Rárá ti wà lórí ahọ́n Mùínátù. Ṣùgbọ́n aṣáà àti itọ́ ló kún ẹnu rẹ̀. Bó bá lanu, gbogbo rẹ̀ dànù nìyẹn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyí, kó tu ú síbẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ kan, kó gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí bó ṣe ń retí rẹ̀ láti ìgbà sààrì. Ó fún ètè rẹ̀ pọ̀.

"Màmá?"

Sàláúdéènì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ẹnu tó wú yẹn, ó wo agolo, ó yé e. Ó ju sìgá sẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ò kọ̀ mí. A dúpẹ́ o."

Afeezat dúró, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Ó dúró títí ladánì fi pe ìrun parí. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọkọ, ó gbé ife omi náà fún Sàláúdéènì. Mùínátù ò tutọ́.